Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ẹni tí Ó Ń Ya Fọ́tò Ògiri Wa Lójoojúmọ́

Ẹ̀yin ayafọ́tò wa,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìrìn. Ẹ ò mọ̀ mí, èmi náà ò sì mọ̀ yín lójú. Ohun tí mo mọ̀ nípa yín kò ju fọ́tò kan tí ẹ ń gbé síta lójoojúmọ́ lọ: ògiri lónìí, àtẹ̀gùn lọ́la, gbọ̀ngàn ibùdó ọkọ̀ ojú irin lọ́túnla. Ẹ ti fi ẹnu ara yín sọ pé iṣẹ́ yìí kọ́ ni ẹ fi ń jẹun, ìfẹ́ rẹ̀ ló ń gbé yín jáde nílé. Èmi ní tèmi, ògiri ni mo ń kùn. Àkàbà, bírọ́ọ̀ṣì àti ọ̀dà agolo tí à ń fín ni irinṣẹ́ mi. Méjì nínú àwọn ògiri tí ẹ ti yà, iṣẹ́ ọwọ́ mi ni.

Mo lè kọ ọ́ ránṣẹ́ sí yín ní kọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kàn ju ẹ̀yin nìkan lọ. Àwọn tó ń ṣe irú ohun tí ẹ ń ṣe pọ̀ lọ jàra káàkiri ayé, ó sì ti pẹ́ tí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ti ń jẹ mí lẹ́nu. Òun náà nìyí: fọ́tò inú ilé tí ẹ ń yà dára ju fọ́tò ògiri yín lọ fíìfíì. Mo sì rò pé mo mọ ohun tó fà á.

Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀kan nínú ti inú ilé. Àtẹ̀gùn ilé àtijọ́ kan ni. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni ẹ wà, ẹ dojú kámẹ́rà kọ òkè. Irin tí èèyàn ń dì mú gun àtẹ̀gùn náà ń yí po, ó ń kéré sí i bó ṣe ń gòkè, títí tó fi di òrùka kékeré kan lábẹ́ fèrèsé orí òrùlé. Òrùka yẹn bọ́ sí àárín gẹ́ẹ́, èyí tó fi yé mi pé orí ilẹ̀ ni ẹ gbé kámẹ́rà sí, ẹ ò fi ọwọ́ lásán gbé e. Ìmọ́lẹ̀ fèrèsé òkè kò fọ́ mọ́ni lójú, ìsàlẹ̀ kò sì ṣókùnkùn biribiri. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yìí á mọ̀ pé ẹ yà á ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ọ̀kan nítorí ìmọ́lẹ̀, ọ̀kan nítorí òkùnkùn, kí ẹ tó pa wọ́n pọ̀. Síbẹ̀, gbogbo ìyẹn kọ́ ló mú kí n tẹjú mọ́ ọn. Ní àjà kẹta, ẹnì kan gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì ìnulẹ̀ kalẹ̀ sí etí irin, igi ìnulẹ̀ fara ti ògiri, omi tí kò tíì gbẹ sì ń dán lára àtẹ̀gùn méjì tàbí mẹ́ta. Ẹ lè dúró kó gbé e kúrò. Ẹ lè sún díẹ̀ sí ọ̀tún, kò ní hàn mọ́. Ẹ fi í sílẹ̀. Bọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn ló sọ fún mi pé ilé náà ní olùtọ́jú, pé ẹ tètè débẹ̀ kí àwọn èèyàn tó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sókè sódò, pé ẹ rí ẹni tí àwa yòókù máa ń kọjá lára rẹ̀ láìkí.

Ó rán mi létí Frederick H. Evans, ọkùnrin kan tó ń ta ìwé ní London, tó fi ọjà ìwé sílẹ̀ ní 1898 kó lè ráyè ya inú àwọn kàtídírà. Èyí tí wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́ jù lọ ni àtẹ̀gùn òkúta tó yà ní kàtídírà ìlú Wells, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1903. Ẹsẹ̀ àwọn èèyàn láti ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún ti jẹ àárín àtẹ̀gùn náà wọlé débi pé ó ń ru sókè sódò. Kò sí èèyàn kankan nínú fọ́tò náà, àmọ́ wọ́n wà níbẹ̀. Sùúrù irú èyí ni ẹ ní bí ẹ bá ti kọjá ẹnu ọ̀nà ilé.

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká bọ́ síta. Ọ̀kan nínú ògiri mi tí ẹ yà ni ti ọmọbìnrin tó ń fọn fèrè. Ẹni tó bá wo fọ́tò yín kò lè mọ̀ pé fèrè ló ń fọn, torí pé fèrè ò sí níbẹ̀. Páìpù òjò ni fèrè náà. Láti etí òrùlé ló ti ń bọ̀ wálẹ̀, páìpù onírin tó ti dípẹtà, ó yà díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé àjà kejì kó tó bá ọ̀nà rẹ̀ lọ sílẹ̀. Ibi tó ti yà yẹn ni mo fi ẹnu ọmọ náà sí. Mo kun ìka rẹ̀ yí páìpù náà ká, ìka mẹ́rin lápá òsì, mẹ́rin lápá ọ̀tún, mo sì fi òjìji sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan kó lè dà bíi pé irin náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ lóòótọ́. Nínú fọ́tò yín, ẹ ti fi irinṣẹ́ inú fóònù nu páìpù náà kúrò. Ó mọ́ tónítóní, a ò lè rí àpá ibi tó wà. Ìka mẹ́jọ wá ń di afẹ́fẹ́ mú. Ẹni tí kò bá mọ̀dí á rò pé ọmọ náà ń gbàdúrà, tàbí pé ọwọ́ ń dùn ún.

Mi ò bínú. (Ó dáa, mo bínú fún bí ọjọ́ méjì.) Ohun tó jẹ mí lógún jù ni pé ẹ̀yin tí ẹ fi bọ́kẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ lórí àtẹ̀gùn náà ni ẹ nu páìpù kúrò lára ògiri. Ojú kan náà, ọwọ́ kan náà. Kí ló dé?

Èrò mi ni pé nínú ilé, ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ ń wá ohun tí ẹ máa rí. Kò sí ẹni tó tò ó sílẹ̀ dè yín. Ẹ máa rìn yíká, ẹ máa bẹ̀rẹ̀, ẹ máa dúró de oòrùn kó yí débi fèrèsé. Bí ẹ bá wá dé iwájú ògiri tí a ti kùn, ẹ gbà pé iṣẹ́ ti parí, pé ẹwà wà nílẹ̀, kí ẹ kàn kó o sínú kámẹ́rà kí ẹ sì máa lọ. Ẹ sún mọ́ ọn títí etí àwòrán fi kan etí fọ́tò. Ẹ yọ ilẹ̀, ẹ yọ òrùlé, ẹ yọ ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ fi kún àwọ̀ rẹ̀ títí búlúù tí mo fi odindi ọ̀sán pò fi ń ta ojú. Ohun tó ṣẹ́ kù kì í ṣe ògiri mọ́.

Bẹ́ẹ̀ àwa tí à ń kùn ún, ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Kí n tó ṣí agolo, mo ti wá síwájú ògiri náà láàárọ̀, mo ti wá lálẹ́. Mo ti mọ ibi tó ti sán, ibi tí omi ti ń jò sí i lára, ibi tí àpótí mítà iná wà, ibi tí àwọn tó ń dúró de bọ́ọ̀sì máa ń fara tì. Ìsán ògiri lè di odò tàbí ìlà iwájú orí. Mítà lè di àpótí tí ẹnì kan gbé lé èjìká. Ògiri tó tẹ́jú, tí kò ní àbùkù kankan, òun ló máa ń ṣòro fún mi jù.

Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa rìn sẹ́yìn. Ẹ rékọjá títì. Ẹ jẹ́ kí garawa ìdọ̀tí àti ọkọ̀ tí wọ́n gbé kalẹ̀ síbẹ̀ hàn, kí arúgbó tó ń kọjá láìwo ẹ̀gbẹ́ náà hàn. Lẹ́yìn náà, ẹ lè sún mọ́ ọn bó ṣe wù yín.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun láàárín àwọn ayafọ́tò. Ní New York, ní àwọn ọdún 1970 títí wọ inú 1980, ara ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ ń kùn. Henry Chalfant máa ń dúró sí pèpéle òdìkejì. Bí ọkọ̀ bá ti dúró, á yára rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á máa yà á léraléra, á sì wá lẹ àwọn fọ́tò náà pọ̀ kí odindi ọkọ̀ lè hàn láti orí dé ìrù. Martha Cooper ní tirẹ̀ á wá ilẹ̀ òfìfo kan tàbí ibi gíga, á dúró títí fún ọ̀pọ̀ wákàtí kí ọkọ̀ tó ní àwòrán tó kọjá láàárín ìlú. Wọ́n kó iṣẹ́ àwọn méjèèjì pọ̀ sínú ìwé kan ní 1984. Nígbà tó di ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún 1989, àwọn aláṣẹ ọkọ̀ náà kéde pé kò sí ọkọ̀ aláwòrán kankan lójú irin mọ́, wọ́n ti fọ gbogbo rẹ̀ dànù. Bí mo bá fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń gé igun lẹ́tà, ti Chalfant ni mo máa ṣí wò. Ṣùgbọ́n bí mo bá fẹ́ mọ ohun tó ń lé ọmọ tí kò tíì tó ogún ọdún wọ ọgbà ọkọ̀ lóru láti lọ kọ orúkọ ara rẹ̀ gàdàgbà sára irin, ti Cooper ni, torí pé àwọn ilé àwókù tó yí ọmọ náà ká wà lẹ́yìn ọkọ̀ níbẹ̀. Ẹ ti ń ṣe ti Chalfant láìmọ̀. Ẹ̀ ń ṣe ti Cooper náà, àmọ́ inú ilé nìkan ni.

Bí ẹ bá rò pé ọ̀tọ̀ ni àwòrán ògiri, ọ̀tọ̀ ni inú ilé, ẹ wo àwọn ibùdó ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ní Stockholm, ní Sweden. Ní T-Centralen, ní ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún níbi tí wọ́n fi àpáta sílẹ̀ gbágungbàgun bí wọ́n ṣe gbẹ́ ẹ, Per Olof Ultvedt kun ewé àti ìtàkùn aláwọ̀ búlúù sórí funfun ní 1975. Ewé yẹn ni gbogbo ayé ń yà. Níbì kan nínú ibùdó náà, ó tún kun òjìji àwọn òṣìṣẹ́ tó kọ́ ọ, àwọn káfíńtà, àwọn tó ń jó irin pọ̀, ká má baà gbàgbé wọn. Ẹni tó bá gé ewé nìkan mú lọ sílé ti fi àwọn òṣìṣẹ́ sílẹ̀ sẹ́yìn. Ní Solna centrum, ibùdó mìíràn níbẹ̀, òkè àpáta tí wọ́n kùn ní pupa ò lè dẹ́rù bani nínú fọ́tò bí kò bá sí èèyàn kékeré kan tó ń gun àtẹ̀gùn tó ń fúnra rẹ̀ rìn lábẹ́ rẹ̀. Irú ibi báyìí ni mo fẹ́ kí ẹ fi ṣe ìwọ̀n ojú yín bí ẹ bá tún dúró síwájú ògiri ìta.

Ó tún kù. Ọ̀rọ̀ orúkọ àti ọjọ́ ni.

Ilé iṣẹ́ àtijọ́ kan wà ní Queens, ní New York, tí wọ́n ń pè ní 5Pointz. Ẹni tó ni ín gbà kí àwọn akunògiri láti orílẹ̀-èdè oríṣiríṣi máa ṣiṣẹ́ sí i lára fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní òru kan nínú oṣù Kọkànlá 2013, wọ́n fi ọ̀dà funfun pa á rẹ́. Ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n wó o. Akunògiri 21 gba kóòtù lọ lábẹ́ òfin Amẹ́ríkà kan ti 1990 tó ń dáàbò bo iṣẹ́ ọnà tó bá ti gbayì kúrò lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ bà á jẹ́. Ní 2018, Adájọ́ Frederic Block dá wọn láre: dọ́là 150,000 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú iṣẹ́ 45, gbogbo rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 6.75. Kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn fọwọ́ sí ìdájọ́ náà ní 2020. Ẹ bá mi rò ó. Nígbà tí adájọ́ ń sọ̀rọ̀, kò sí ògiri kankan nílẹ̀ tí wọ́n lè mú un lọ wò. Fọ́tò ló dúró nípò wọn. Fọ́tò tí kò ní orúkọ, tí kò ní ọjọ́, ìrànlọ́wọ́ wo ló fẹ́ ṣe níbẹ̀?

Ìgbà mìíràn wà tí oníṣẹ́ fúnra rẹ̀ á pa iṣẹ́ rẹ̀ rẹ́. Blu, akunògiri ará Ítálì, gbà kí wọ́n fi ọ̀dà dúdú bo àwòrán ńláńlá rẹ̀ ní Kreuzberg, ní Berlin, nínú oṣù Kejìlá 2014. Ní oṣù Kẹta 2016, ó fi ọ̀dà aláwọ̀ eérú bo àwọn iṣẹ́ rẹ̀ ní Bologna, ní Ítálì, torí pé àwọn kan ti bó àwòrán kúrò lára ògiri lọ sínú gbọ̀ngàn àfihàn. Èmi ò lè pa tèmi rẹ́ bẹ́ẹ̀, mi ò ní irú ọkàn yẹn. Àmọ́ ohun tó ń bí i nínú yé mi: wọ́n gé ògiri kúrò nínú àdúgbò rẹ̀. Fọ́tò tó gé páìpù òjò kúrò ń ṣe ohun kan náà ní kékeré.

Nítorí náà, orúkọ. Ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún ni púpọ̀ nínú wa ń kọ ọ́ sí, lẹ́bàá ilẹ̀, níbi tí a ò ti nílò àkàbà mọ́ tí ọwọ́ sì ti rẹ̀ wá. Ibẹ̀ náà ni ọkọ̀ máa ń gbé kalẹ̀ sí, ibẹ̀ ni ẹ sì máa ń kọ́kọ́ gé. Bí ẹ ò bá rí i, ẹ kọ ọ́ pé ẹ ò rí i; ẹnì kan lè mọ̀ ọ́n, á sọ. Ẹ kọ ọjọ́ àti orúkọ òpópónà sábẹ́ fọ́tò pẹ̀lú ọwọ́ ara yín. Kámẹ́rà ń fi ọjọ́ àti aago pamọ́ sínú fọ́tò lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ojú òpó ló máa ń bó o dànù bí ẹ bá ti gbé e síta. Eugène Atget tó fi nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún ya Paris títí ó fi kú ní 1927, tó ya òpópónà, ẹnu ọ̀nà, àtẹ̀gùn àti inú ilé àwọn èèyàn, kì í fi ibi tó ti yà wọ́n sílẹ̀ láìkọ. Kò pe ara rẹ̀ ní oníṣẹ́ ọnà. Ó ní àkọsílẹ̀ lòun ń ṣe. Ọ̀pọ̀ ohun tó yà ni wọ́n ti wó. Àdírẹ́sì tó kọ ló jẹ́ kí a mọ ohun tí a ń wò.

Ti títa, n ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ kì í tà. Bí ẹnì kan bá wá fẹ́ ra fọ́tò ògiri lọ́wọ́ yín fún ìpolówó, ẹ kàn sí ẹni tó kùn ún ná. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti 1988 fàyè gba fọ́tò ilé àti ère tó wà ní gbangba, kò dárúkọ àwòrán ara ògiri mọ́ ọn. Ti Amẹ́ríkà fàyè gba ilé. Ti Jámánì fàyè gba ohun tó bá hàn láti ojú títì, síbẹ̀ ní 2003 ilé ẹjọ́ gíga wọn sọ pé fọ́tò tí wọ́n ya láti inú yàrá òkè ilé òdìkejì kò sí lára rẹ̀. Inú ilé sì ní òfin tirẹ̀: onílé ló ni ẹnu ọ̀nà. Ẹ ti mọ ìyẹn jù mí lọ. Mo ti rí i bí ẹ ṣe máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ sábẹ́ fọ́tò.

Ohun kan tó ń dùn mí ni àwọn ọjọ́ tí ẹ máa ń kọ ọ́ pé ẹ má bínú, ẹ ò rí nǹkan tuntun lónìí. Ta ló béèrè tuntun? Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́ lóòótọ́, àmọ́ ògiri tí ẹ yà lọ́dún tó kọjá ti yí padà. Oòrùn máa ń jẹ pupa kí ó tó jẹ búlúù. Ẹnì kan á ti kọ orúkọ ìfẹ́ rẹ̀ sórí ẹsẹ̀ ọmọ náà. Ìwé ìpolówó á ti bo apá kan, òjò á ti bó ìdajì ìwé náà. Ẹ padà lọ, ẹ dúró síbi tí ẹ dúró sí tẹ́lẹ̀ gan-an, ẹ yà á. Ẹ yan ọjọ́ tí ìkùukùu bo ojú ọ̀run, kí òjìji igi má baà pín ògiri sí méjì. Bí ẹ bá ṣe ìyẹn lórí ògiri kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan lóṣù, ẹ ti ṣe ohun tí kò sí akunògiri tó ráyè ṣe, torí pé bí a bá ti sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà, ibòmíràn là ń lọ.

Iṣẹ́ tó kàn níwájú mi báyìí, inú ilé ni. Àtẹ̀gùn alájà márùn-ún, ògiri rẹ̀ kò tíì rí ọ̀dà kankan, àpá ọwọ́ àwọn tó rẹ́ ẹ ṣì hàn lójú sìmẹ́ǹtì. Mo fẹ́ kí ẹ wá kí n tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ tún wá nígbà tí àkàbà àti agolo bá kún ibẹ̀, kí ẹ sì wá lẹ́yìn tí mo bá ti kúrò, tí àwọn onílé ti ń gbé kẹ̀kẹ́ wọn ti ògiri mi. Mo ti bá olùtọ́jú ilé náà sọ̀rọ̀; ó ní kò burú, kí ẹ má ṣáà fi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kámẹ́rà yín dí ọ̀nà láàárọ̀ nígbà tí àwọn ọmọ ń lọ sílé ìwé. Ẹ kọ̀wé sí mi, kí n sọ ọjọ́ fún yín.

Èmi ni tiyín,
Akunògiri tó ń tẹ̀ lé fọ́tò yín